Mo Tú Wáyà Ilẹ̀ Lára Kọ̀nténà Akínwándé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má retí omijé lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ṣe kò dára, mo mọ̀, màá sì sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá obìnrin tó ti dárí ji ẹni tó dalẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn.

Mosúnmọ́lá ni orúkọ mi, ọmọ Ìlọrà. Lọ́dún tó kọjá, ọdún Fẹ́sítáàkì, akọ̀wé ni mí ní kánǹpù àwọn tó ń la ọ̀nà láti Ìlọrà sí Fìdítì. Èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé fún ọ̀gá. Akínwándé ọmọ Fìdítì ni sítọ́kípà, ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́. Ó ti wá mọ bàbá mi, ó ti jẹun nílé wa, ó ti bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ pé èmi ni yóò fẹ́.

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi mú Rachel wá. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, láti Awẹ́. Ó jáde ìwé mẹ́fà, kò ríṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀ mí. Mo bá a bẹ ọ̀gá, wọ́n ní kó máa se tíì, kó sì máa gbálẹ̀. Yàrá mi ló ń sùn. Búláòsì mi ló ń wọ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọkọ mi kún un.

Mi ò fura rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Akínwándé wọ ọ́fíìsì mi, ó gbé bébà kan ka iwájú mi.

"Mosún, jọ̀ọ́, bá mi tẹ èyí. Ọwọ́ rẹ ló mọ́ jù."

Mo wò ó. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni. Akínwándé àti Rachel, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Fìdítì, lóṣù tó ń bọ̀.

"Rachel wo?" Mo mọ Rachel tó jẹ́, ẹnu mi ṣáà béèrè ni.

"Má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn, Mosún. Ó ti lóyún. Ọmọlúàbí ni ẹ́, ó yẹ kó yé ẹ."

"Èmi lo sì gbé e wá fún pé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n tẹ̀ níbí?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mo tẹ ìwé ìgbéyàwó ọkọ mi pẹ̀lú ẹlòmíràn, mi ò sì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Nígbà tó gbà á, ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "O ṣeun, ó dára gan-an." Ohun tó pa mí nìyẹn. Ká ní ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí ni, bóyá ọkàn mi kì bá tí lọ sídìí wáyà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wáyà yìí. Kọ̀nténà ni sítọ̀ Akínwándé, àpótí irin gàgàrà tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá nínú ọkọ̀ òkun. Wọ́n gbé e wá láti Àpápá, wọ́n gé ojú fèrèsé sí i lára, wọ́n fa iná jẹnẹrétọ̀ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì gbé fíríìjì ọ̀gá síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí fíríìjì yẹn ti wọlé ni ilẹ̀kùn kọ̀nténà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn lọ́wọ́.

Mùsílíù, oníṣẹ́ iná wa, ní kí wọ́n gbé fíríìjì náà lọ fún àtúnṣe. Ọ̀gá ní omi tútù òun ńkọ́? Ni Mùsílíù bá kan irin gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kọ̀nténà, ó fi wáyà aláwọ̀ ewé so irin náà mọ́ ara rẹ̀, ó fi nọ́ọ̀tù dè é pinpin. Ilẹ̀kùn ò ta ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sì pè wá jọ.

"Irin ni gbogbo ilé yìí," ló wí. "Bí iná bá jò sí ibì kan lára rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló gbà á. Wáyà yìí ló ń gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀. Bí ẹ bá tú u, tí èèyàn fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù, tó sì di irin yìí mú, ara olúwarẹ̀ ni iná máa gbà lọ sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti gbé Mùsílíù lọ sí kánǹpù kejì lọ́nà Akínmọ̀ọ́rìn. Àwọn lébìrà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tú ká, tuntun ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀, mo sì rántí.

Mo tún mọ ìwà Akínwándé. Ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ti yẹ lọ. Ó ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà sínú kọ̀nténà rẹ̀, ó ní ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbé bàtà wọ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń bọ́ tirẹ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà sórí ilẹ̀, wọ́n á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n á fi fa ara wọn gòkè, torí ẹnu ọ̀nà yẹn ga.

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo lọ bá a ní sítọ̀.

"Bá mi wá sípánà. Ẹsẹ̀ àga mi ń mì."

Ó bá mi wá a. Ó tilẹ̀ bá mi yan èyí tó máa bá ìwọ̀n nọ́ọ̀tù tí mo sọ fún un mu. "Ṣé kí n wá bá ẹ dè é?"

"Má ṣèyọnu. Màá ṣe é fúnra mi."

Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí lọ kírun, tí àwọn yòókù wà nídìí oúnjẹ, mo gba ẹ̀yìn kọ̀nténà kọjá. Kò pẹ́ rárá. Mo tú nọ́ọ̀tù náà, mo yọ wáyà kúrò, mo sì fi koríko bo ẹnu rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí bóyá mo fẹ́ kó kú, màá sọ òótọ́. Mo fẹ́ kó jẹ̀rora. Bí ikú bá bá ìrora yẹn wá, mi ò ní lé e.

Ilẹ̀ gbẹ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí náà títa náà ò le. Sìrájù, ọ̀kan nínú àwọn lébìrà, ló kọ́kọ́ pariwo nígbà tó lọ gba ṣọ́bìrì.

"Yéè! Ilẹ̀kùn yìí bù mí jẹ!"

Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tó di ọ̀sán, ilẹ̀kùn bu àwọn tó ń ṣẹ̀sín náà jẹ. Lẹ́yìn náà ló kan Akínwándé. Mo wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì mi tó kọjú sí sítọ̀, mo rí i bó ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Inú mi dùn dé eegun.

Ẹnìkan nínú wọn rántí Mùsílíù. "Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n sọ nígbà kan nìyí?"

Bàbá Amos, ọlọ́dẹ kánǹpù, mi orí. "Mùsílíù ti ṣe ti iná tán. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ la rí i pé ó tán. Èyí tó tún dé yìí kì í ṣe ti iná. Sítọ́kípà, wọ́n ti fi nǹkan sí ẹnu ọ̀nà rẹ."

Akínwándé ò jiyàn. Báwo ni yóò ṣe jiyàn? Ẹni tó ṣèkà ń retí ìkà. Ó ti dá a lójú pé àwọn ará ilé mi ti ṣe oògùn sí òun nítorí ìgbéyàwó náà, ìtìjú kò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́ síta. Mo rí i tó ń yọjú wo ọ́fíìsì mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Omi tútù ni ẹ̀rọ̀," Bàbá Amos ló tún wí. "Ẹ jẹ́ ká máa fi rọ̀ ọ́ láràárọ̀."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ ni Bàbá Amos ń gbé garawa omi wá, tó ń dà á sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kọ̀nténà, tó ń wí pé, "Ẹ̀rọ̀ o, ẹ̀rọ̀ o." Orí omi yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ́ bàtà lé. Ẹ ò rí nǹkan! Bí bàbá náà ṣe ń da ẹ̀rọ̀ sílẹ̀ tó ni ilẹ̀kùn ń le sí i tó, bó sì ṣe ń le ni wọ́n ń ní kó da omi sí i. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, mò ń tẹ ìwé mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Akínwándé di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kó lè gòkè. Gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà sínú ẹrẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Rachel fọ̀ tó lọ̀. Mo fi orí pamọ́ sábẹ́ tábìlì, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Rachel sáré wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dákun, ẹ bá wa gbàdúrà. Wọ́n fẹ́ pa Bọ̀dá Akin."

"Dìde, àbúrò mi. Ta ló fẹ́ pa á? Di ojú rẹ ká gbàdúrà."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, "Olúwa, san án fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀." Ó ṣe àmín tọkàntọkàn. Títí di òní, bí mo bá rántí àmín yẹn, ẹ̀rín ṣì máa ń pa mí.

Ohun kan ló fẹ́ tú mi fó. Tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ sí sítọ̀, mi ò jẹ́ bọ́ sílípáàsì rọ́bà mi, ìtìjú ò sì jẹ́ kí Akínwándé bá mi wí, etí ìró mi ni mo sì fi ń di ilẹ̀kùn mú. Sìrájù rí i lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí, gbogbo wa là ń bọ́ bàtà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," mo dá a lóhùn. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn náà mú Sìrájù gan-an. Nígbà tó já, apá rẹ̀ ò gbé mọ́. Wọ́n gbé e sábẹ́ igi, wọ́n ń ra apá náà, ẹnu rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n wá láti Ìwàrè, ó jókòó tì í, ó ń sunkún. Kí ni Sìrájù fi mí ṣe? Kò fi nǹkan kan ṣe mí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo mú sípánà, mo gba ẹ̀yìn kọ̀nténà lọ láti so wáyà náà padà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn nínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú mọ́," Rachel ló ń wí. "Ó bá mi gbàdúrà."

Akínwándé rẹ́rìn-ín. "Kí ló fẹ́ ṣe? Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn, ta ló tún máa wá fẹ́ ẹ? Jẹ́ kó máa tẹ ìwé."

Rachel náà rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo gbé sípánà padà sínú báàgì. Ẹ bi mí léèrè ẹ̀bi ti Sìrájù bí ẹ bá fẹ́, mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn, bí wọ́n bá ní kí n tú wáyà mẹ́wàá, màá tú u.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Akínwándé dé.

Ó ti pẹ́ tí màmá yìí ti wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń wẹ ọmọ tuntun fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ìwé ìpè ló bá nílé nígbà tó padà sí Fìdítì. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó ru igbá èlùbọ́, ó ń bọ̀ wá gba àárín ẹrẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé.

"Akínwándé! Níbo lo wà? Rachel wo ni wọ́n kọ síwèé? Mosúnmọ́lá tí o mú wá bá mi ńkọ́?"

Rachel sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí i. Màmá ò wojú rẹ̀. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ lórí àpótí kan. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, Akínwándé, tó ti wọlé kí wọ́n tó tàn án, wà nínú lọ́hùn-ún, kò gbọ́.

Bàbá Amos ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ẹ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí omi òjò tán. Ó ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Inú sítọ̀ ni ọmọ yín wà. Ẹ bọ́ bàtà yín síbí kẹ́ ẹ tó wọlé."

Màmá bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rì sínú ẹrẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ronú. Màá sọ èyí náà. Mo ronú pé bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Lẹ́yìn náà ni ohùn mi jáde, mi ò sì mọ ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná ni! Iná wà lára rẹ̀!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Gbogbo kánǹpù yíjú sí mi.

Bàbá Amos gbé garawa kalẹ̀. "Iná? Láti ọjọ́ yìí tí gbogbo wa ti ń sọ pé oògùn ni, ta ló sọ fún ẹ pé iná ni?"

Sìrájù, tó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú apá rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ so kọ́ ọrùn, nawọ́ kejì sí ẹsẹ̀ mi.

"Ìdí tí wọn kì í fi bọ́ bàtà nìyẹn," ló wí.

Akínwándé ti gbọ́ ariwo. Ó fò bọ́ sílẹ̀ láti inú kọ̀nténà, kò di nǹkan kan mú, ó sì gba ẹ̀yìn lọ tààrà. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Wọ́n ti tú wáyà Mùsílíù!" Ó jáde síta, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Sípánà. Sípánà tí mo fọwọ́ ara mi yàn fún ẹ, Mosún. Àga rẹ ń mì, àbí?"

"Ìwọ náà lo fọwọ́ ara rẹ gbé ìwé wá pé kí n tẹ̀," mo dá a lóhùn.

Màmá ṣì dúró sínú ẹrẹ̀. "Mosúnmọ́lá. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, Màmá."

"Ọmọ mi lo fẹ́ pa?"

"Màmá, ẹ ò mọ ohun tó ṣe fún mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Kí ló tún gbé mi wá síbí láàárọ̀ yìí, nínú ẹrẹ̀? Mo wá láti sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé ìwọ ni mo mọ̀. Pé bí kì í bá ṣe ìwọ, kó má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilé mi." Ó na ìka sí mi. "Ìwọ ni mo wá jà fún o!"



Ọ̀gá ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Akínwándé ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá, àfi kí n sùn sí tésàn. Màmá yí sí i.

"Kò sẹ́ni tó máa lọ tésàn. Ó pariwo kí n má bàa kú, ariwo yẹn ti gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló parí sí." Ó wo Rachel, tó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ látàárọ̀ láìsí ẹni tó dá a lóhùn. "Dìde. Wá gbé igbá yìí. Èlùbọ́ inú rẹ̀, Mosúnmọ́lá ni mo rù ú wá fún. Ìwọ lo ni ín báyìí. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Rachel gbé e. Ó gba iwájú mi kọjá, kò lè wò mí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mùsílíù láti Akínmọ̀ọ́rìn. Ó so wáyà náà padà, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá gbé fíríìjì náà jáde, wọ́n sì gbé e. Nígbà tí mò ń kó ẹrù mi, ó dúró tì mí.

"Torí kí ẹ má bàa kú ni mo ṣe ṣàlàyé fún yín," ló wí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n lé mi lọ lọ́jọ́ náà.

Ìgbéyàwó wáyé. Ìyá mi àti ìyá Rachel kì í kí ara wọn mọ́. Apá Sìrájù ti ń gbé, ṣùgbọ́n kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti wá sílé wa láti ṣépè fún mi. Mo dúró gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀yin tí ọkùnrin já jù sílẹ̀, ẹ bínú. Ẹ bú u lójú ọjà, ẹ pe ẹbí rẹ̀ jọ, ẹ tú àṣírí rẹ̀. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ má tú ohun tó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn nítorí ẹnìkan. Irin ò mọ ẹni tó dalẹ̀ yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló máa mú. Bí mo bá sì pàdé Akínwándé lónìí, màá wò ó lójú títí yóò fi yẹ ojú tirẹ̀. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì ṣe bí ẹni tó ti ṣe é.

Lóṣù tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Fìdítì. Mo rí màmá náà níwájú ìsọ̀ ọlọ́sàn, apẹ̀rẹ̀ wúwo lórí rẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa sọ̀ ọ́. Mo sáré dé ibẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí ẹrù náà.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ yín, Màmá."

Ó mọ ohùn mi. Ó fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ apẹ̀rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀ mí."

Ó dúró síbẹ̀, tòun ti ẹrù lórí, títí ẹlòmíràn fi dé.